Ẹyẹ Abẹ́ Garawa

Sifáwù ló kọ́kọ́ rí i. Kò pariwo, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó da omi inú garawa rẹ̀ sílẹ̀, ó dojú garawa náà dé, ó sì fi bo ẹyẹ náà mọ́lẹ̀ lórí dígí kẹtàdínlógún ní ìlà karùn-ún, bí ẹni ń fi igbá bo ọbẹ̀ nítorí eṣinṣin. Lẹ́yìn náà ló tó súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Láàrin àwọn afọdígí Pápá Kẹta, ìfé ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí Ìyá Pápá máa bọ̀ kánkán, ṣùgbọ́n kó má sáré.

Ràmótà kò sáré. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, ó sì ti fi mẹ́rìnlélógún nínú rẹ̀ fọ dígí oòrùn. Ó mọ ohun tí ilẹ̀ yíyọ̀ ń fi egungun àgbà ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń rìn bí gbogbo ọmọ Ìdí-Ẹmì ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, kí òjìji rẹ̀ má bàa ta lé ibi tí òfin ní òjìji kò gbọdọ̀ dé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òjìji èèyàn a máa gùn ju olúwarẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ìlú náà fi ń kọ́ ìrìn ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ a-bí-dí. Orúkọ igi ni ìlú wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n igi ẹmì tó kẹ́yìn níbẹ̀, láyé ìyá Ràmótà ni wọ́n ti gé e, nítorí ibòji rẹ̀.

Kí ó tó dé ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ dígí kẹtàdínlógún. Dígí tí nǹkan bá dí lójú a máa kùn bí agbo oyin. Bí kíkùn náà bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn àwòdì irin tó ń bà lórí òpó yóò fò wá wo ohun tó ń fa òkùnkùn.

"Kí lo fi garawa dé?" ni Ràmótà bi í.

"Ẹ má bi mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣí i fúnra yín. Ìgbà tí mo dé e tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí rẹ́rìn-ín."

Lóòótọ́, ẹ̀rín kan ń jáde lábẹ́ garawa, ẹ̀rín kékeré tó ń gbọ̀n, tó sì ń yára, bíi ti ọmọdé tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.  Ọdún mẹ́jọ ni Ràmótà kò ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ó gbé etí garawa sókè ní ìwọ̀n ìka méjì.

Ojú kékeré kan wò ó láti inú òkùnkùn. Ọrùn ẹyẹ náà pupa bí amọ̀, àmì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè pípọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì sún sẹ́yìn dé ìdí, bí àjẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, ó fi àyà lélẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Òmùwẹ̀," ni Ràmótà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Apẹja ni bàbá rẹ̀, lórí odò Awẹ̀, kí wọ́n tó fi kankéré tẹ́ ikùn odò náà tí wọ́n sọ ọ́ di kòtò omi ìfọdígí. Nígbà tí Ràmótà wà ní ọmọ ọdún méje, ó bá irú ẹyẹ yìí, tí àwọn apẹja ń pè ní òmùwẹ̀, tó ń fi àyà wọ́ létí omi, ó sì sunkún gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Bàbá gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹyẹ náà lé ojú omi. Ẹyẹ sáré lórí omi bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ó na ìyẹ́, ó gbéra. Ìgbà náà ni bàbá sọ̀rọ̀: "Kì í ṣe aláàárẹ̀. Ilẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀." Ẹyẹ tí kò bá rí omi sáré lé lórí kò lè fò. Gbogbo apẹja odò Awẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kú tán báyìí. Ràmótà nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Sifáwù kò wo ẹyẹ náà mọ́. Òpó ló ń wò. Ó rán Ìyá Pápá létí ohun tí kò nílò ìránnilétí: ẹni tó bá rí ẹyẹ odò gbọdọ̀ fi han àwòdì irin, àwòdì yóò sì sun ún lójú ẹsẹ̀; wọn yóò wá ti àwọn tó fọwọ́ kàn án mọ́lé fún ọjọ́ méje, nítorí àrùn. Ó ní bí a bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbí, ọ̀nà mìíràn wà.

"Ẹ jẹ́ kí n fún un lọ́rùn, ká sin ín sábẹ́ ìlà bí a ti ṣe nígbà yẹn. Ẹyẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni."

Kí Ràmótà tó dáhùn, fèrè ẹnubodè dún. Àlejò láti Àjọ Ìmọ́lẹ̀ ti dé, wákàtí kan ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Lórí òpó tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà kẹfà, àwòdì irin kan ṣí ojú rẹ̀.

Ràmótà tú ìborùn rẹ̀. Ó ti ọwọ́ abẹ́ garawa, ó fi aṣọ náà wé ẹyẹ, ó sì gbé e mọ́ ikùn bí obìnrin tí inú ń run. Sifáwù ká garawa kúrò. Dígí dákẹ́. Àwòdì irin náà fò dé, ó yípo lórí wọn lẹ́ẹ̀kan, kò rí òjìji kankan, ó padà lọ bà.

"Ẹ ti fọwọ́ kàn án," ni Sifáwù wí.

"Mo ti fọwọ́ kàn án láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn," ni Ràmótà dá a lóhùn.

Sifáwù mọ ohun tó ń wí. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fọ dígí, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí omi tútù kì í bá dígí gbígbóná rẹ́; ńṣe ni yóò là á. Oṣù ààwẹ̀ dé. Ní àkókò tí gbogbo ìlú ń fi omi ṣínu, àwọn afọdígí ni omi wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò ráyè mu. Sifáwù ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Màgàríbì, ó dá kú pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́, omi sì ń ya lé e lórí títí wọ́n fi rí i. Ràmótà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí oyè Ìyá Pápá. Kò béèrè lọ́wọ́ Àjọ, kò sì kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni. Ó kó àwọn obìnrin náà jọ, ó ní láti ọ̀la lọ, ìdájí ni, lẹ́yìn sààrì àti ìrun Àsùbáà.

Àdúrà tí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé ó tijú. Ààwẹ̀ parí, Ìtúnu kọjá, kò sí ẹni tó dábàá pé ká padà sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin ń se oúnjẹ alẹ́ nínú ilé ara wọn, wọ́n ń rí ojú ọmọ wọn kó tó sùn. Ẹ̀rọ Àjọ kò sì béèrè àkókò. Kò béèrè ju pé ṣé dígí mọ́.

Ṣùgbọ́n òru ni ẹyẹ odò fi ń rìnrìn àjò, ìdájí ni wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n lè bà sí. Dígí gbígbẹ kì í tàn wọ́n jẹ, nítorí eruku ọyẹ́ ti sọ ọ́ di eérú lójú ẹni tó wà lókè. Dígí tútù ní àfẹ̀mọ́jú, odò ni. Odò tó fẹ̀ ju gbogbo odò tí wọ́n ti fò kọjá lọ. Nígbà ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ààwẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Pẹ́pẹ́yẹ igbó fọ́ àyà mọ́ dígí, wọ́n sì kú. Òmùwẹ̀ tí ara wọn fúyẹ́ kì í tètè kú. Wọ́n a yọ̀ bọ́ sílẹ̀ láàrin ìlà, wọ́n a máa fi àyà wọ́, wọ́n a máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn amòye Àjọ dé láti Ìbàdàn. Wọ́n gbé òmùwẹ̀ kan sórí ilẹ̀, kò lè dúró. Wọ́n jù ú sókè, kò fò. Wọ́n kọ "àrùn ẹsẹ̀" sínú ìwé wọn. Nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ọmọ apẹja ni Ìyá Pápá, wọ́n bi í bóyá bí ẹyẹ yìí ti máa ń rí nìyí. Ràmótà mọ ìdáhùn. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè kejì yóò jẹ́ kí ló wá gbé ẹyẹ odò dé orí dígí, ẹ̀kẹta yóò sì jẹ́ ta ló ní kí dígí tutù ní ìdájí. Ó wo ẹ̀yìn. Sifáwù dúró síbẹ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Rárá," ni Ràmótà wí. "Ara wọn ni kò yá."

Inú "rárá" yẹn ni wọ́n ti bí Òfin Ẹyẹ Odò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú àwòdì irin sí gbogbo àbàtà àti ìsun omi Òkè-Ògùn. Ibi tí àwòdì kò ti lè rí ẹyẹ sun dáadáa nítorí koríko, wọ́n fa omi ibẹ̀ gbẹ. Báyìí, adágún Ẹlẹ́ja tó wà láàrin òkè nìkan ló kù. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Wọn kò sọ ohun tí irọ́ yóò ti jẹ tán kí ọjọ́ náà tó pé.

Obìnrin tí Àjọ rán wá kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo bàtà rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ láàárọ̀ yẹn, ìdí lókè, orí nílẹ̀. Bí àwọn obìnrin tó ń fọ ìlà kẹfà ṣe rí i ni wọ́n dojú kọ dígí kí ó má bàa rí ẹ̀rín wọn. Síbẹ̀, nígbà tó dé iwájú Ràmótà, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì kí i dáadáa. Ràmótà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn.

Ìbídùn ṣàlàyé ohun tó bá wá. Òfin Ẹyẹ Odò pé ọdún mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ó tó lè wà fún ọdún mẹ́wàá mìíràn, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ gbọdọ̀ tún un jẹ́rìí. Mẹ́ta ni wọ́n; méjì ti kú. Ó tú ẹ̀rọ kékeré kan kúrò ní àyà aṣọ rẹ̀, dúdú, kò ju èso àgbálùmọ̀ lọ. Gbogbo ìlú ló mọ ẹ̀rọ ajẹ́rìí. Bí iná rẹ̀ bá ti tàn, ohun tí a bá wí kì í jáde mọ́, ẹni tó wí i kò lè pa á rẹ́, ọ̀gá rẹ̀ náà kò lè pa á rẹ́.

"Ìlà mẹ́ta péré ni, mà," ni ó wí. "Ẹ kà á tẹ̀lé mi. Bó bá ti wọlé, àwọn àwòdì yóò lọ sí Ẹlẹ́ja lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ odò parí nìyẹn."

Ràmótà bi í bóyá ó ti rí ẹyẹ odò rí. Ó ní rárá, àwòrán nìkan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń wo èékánná rẹ̀.

"Ìyá ìyá mi a máa sọ pé nígbà èwe àwọn, bí lékelèké bá ń kọjá lójú ọ̀run, àwọn a na èékánná sí i, kó fún àwọn ní funfun. Wọ́n ní ó máa ń fún wọn lóòótọ́. Àlọ́ ni mo kà á sí."

Ràmótà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. Òfin kò yọ lékelèké sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ń dúró nínú àbàtà, wọ́n kà á mọ́ ẹyẹ odò. Lábẹ́ ìborùn, ọkàn òmùwẹ̀ ń lù mọ́ ikùn rẹ̀, ó yára ju ohun tí èèyàn lè kà lọ.

Oṣù méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fi yàrá hàn án ní Ilé Àgbà, ó tilẹ̀ ti mọ ibi tí yóò gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Ẹni tó bá jẹ́rìí èké kì í gbé lórí ilẹ̀ ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀nà àríwá ni wọ́n ń lé e gbà, sínú ooru, níbi tí iná kò dé. Lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn obìnrin yìí yóò padà sí ìrọ̀lẹ́, bí Àjọ kò bá tilẹ̀ fi ẹ̀rọ rọ́pò wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan, ogún obìnrin àti yàrá kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì, adágún kan tí kò tíì fojú rí.

Ìbídùn tẹ ẹ̀rọ náà. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Lẹ́yìn Ràmótà, Sifáwù wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Èmi, Ràmótà, ọmọ Jímọ̀ apẹja," ni ó bẹ̀rẹ̀, "mo jẹ́rìí pé àwọn ẹyẹ tó bọ́ sí Pápá Kẹta..."

Ó dúró. Ìbídùn mi orí sí i, bí olùkọ́ sí ọmọ tó gbàgbé ẹ̀kọ́.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Irọ́ ni mo pa."

Ó sì tú ìborùn.

Ìbídùn fò sẹ́yìn débi pé òjìji rẹ̀ ta lé dígí méjì, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó ní kí ó gbé e sílẹ̀, ó ní àrùn ni. Ràmótà sọ fún un pé láti ìgbà tó ti kúnlẹ̀ ni ẹyẹ náà ti wà lára ikùn òun lábẹ́ ìborùn. Bó bá jẹ́ àrùn ni, ó ti pẹ́. Ó ní kí ó má pa iná ẹ̀rọ náà. Ó ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ rí i. Nínú kòtò omi tó gba ìdí pápá kọjá, tó gùn tó igba ìṣísẹ̀, òun yóò fi ohun tí bàbá òun fi han òun han Ìbídùn àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wo àwòdì orí òpó. Ó wo ẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó hàn lójú rẹ̀.

"Ẹ máa lọ níwájú, mà," ni ó wí níkẹyìn.

Nígbà náà ni Ràmótà ṣe àṣìṣe tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn, pé kò yẹ kí àwọn obìnrin gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì ké pè wọ́n pé kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù àti omi fọ ìlà karùn-ún dé ìlà kẹsàn-án. Rọ́bà tí wọ́n fi ń nù ún gbẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé Ìyá Pápá bí wọ́n ti ń tẹ̀ lé e láti ọdún mọ́kànlá wá.

Etí kòtò náà tutù. Ràmótà kúnlẹ̀, ó sì fi ẹyẹ lé ojú omi. Ojú ẹsẹ̀ ló rì. Ìbídùn mí kanlẹ̀, ó rò pé ó ti kú. Wọ́n dúró. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnì kan láàrin àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ní ibi tó jìnnà tó ogójì ìṣísẹ̀, orí pupa kékeré kan yọ, ó gbọn omi dànù, ó sì rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rọ ajẹ́rìí sókè lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé àtùpà.

Òmùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta omi, ìyẹ́ rẹ̀ ń lu omi, ó sá kọjá níwájú wọn, ó fi ìlà funfun gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn, ó já omi, ó gbéra.

"Kò ṣàìsàn," ni Ìbídùn wí. Ó tún un wí sínú ẹ̀rọ náà, ketekete: "Ẹyẹ náà kò ṣàìsàn."

Èémí kan ṣoṣo ni Ràmótà fi ní ìdùnnú náà. Ó ń wo ẹyẹ bó ṣe ń yípo lókè, ó ń wá ibi tí yóò gbà. Ó rí i tó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, sí ọ̀nà òkè, sí Ẹlẹ́ja. Lẹ́yìn náà ló rí i tó yí ìyẹ́ kan sílẹ̀. Ó bá a wo ohun tó ń wò. Oòrùn ti gun díẹ̀. Ìlà márùn-ún gbáko, láti karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ń tàn láàrin pápá, ó tutù, ó fẹ̀, ó dára ju kòtò kankéré lọ.

"Ẹ nù ún!" ni Ràmótà ké. "Ẹ bá mi nù ún gbẹ!"

Àwọn obìnrin náà sáré. Wọn kò bẹ̀rẹ̀. Ogún obìnrin nàró ṣánṣán, wọ́n ń sá láàrin dígí pẹ̀lú gèlè àti ìró wọn lọ́wọ́, òjìji wọn gùn, ó ń ta lé ìlà kan dé ìlà kejì, gbogbo dígí tó bá sì fara kàn ń kùn, títí pápá fi ń dún bí ìgbà tí oyin bá tú sígboro. Àwòdì irin gbéra lórí òpó mẹ́rin. Sifáwù ló kọ́kọ́ dé ìlà karùn-ún, ó fi gbogbo ara dùbúlẹ̀ lórí dígí, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún.

Ẹyẹ náà fò kọjá lórí rẹ̀. Ìlà kẹsàn-án ló yàn. Ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó fi àyà síwájú, bí ẹyẹ odò ti ń bọ́ sínú omi tó mọ̀.

Ìró rẹ̀ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì kan án mọ́.

Nígbà tí Ràmótà fi dé ibẹ̀, àwọn àwòdì irin ń yípo lórí àwọn òjìji, wọn kò mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ mú. Ó gbé òmùwẹ̀ sọ́wọ́. Ó ṣì gbóná. Ọrùn rẹ̀ kò le mọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá ó gbàgbé láti pa á, bóyá kò gbàgbé.

"Ṣé omi ló rò pé òun rí ni, mà?"

"Omi náà ni," ni Ràmótà dáhùn. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ààwẹ̀ dé orí "rárá". Kò dárúkọ Sifáwù. Sifáwù, tí aṣọ rẹ̀ ń kán omi, bọ́ síwájú, ó sì dárúkọ ara rẹ̀: òun ló dá kú, òun ló ń tọ́mọ, nítorí òun ni. Ìbídùn gbọ́ ọ tán láì dá wọn dúró. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá wọn yóò fetí sí i ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ti wọlé, kò sì sí ẹni tó lè mú un jáde. Láìsí ẹlẹ́rìí, kò sí àwòdì tó lè lọ sí Ẹlẹ́ja lọ́jọ́bọ̀. Lẹ́yìn èyí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní Ìyá Pápá náà mọ ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún ẹlẹ́rìí èké.

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Má sunkún. Iṣẹ́ rẹ lo ṣe."

Wọ́n sin ẹyẹ náà sábẹ́ dígí kẹtàdínlógún. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Àwọn obìnrin náà ti gbẹ́ ẹ rí. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, Sifáwù gbé garawa rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo la ó máa fọ̀ ọ́ báyìí?"

"Ìrọ̀lẹ́."

"Kí wọ́n lè máa kọjá?"

Ràmótà wo ojú ọ̀run. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, láti ìlà òkè dé ìlà òkè.

"Bí ó bá ku èyí tó ń kọjá," ni ó wí.

Ó gba ọ̀nà àárín ìlà padà sí ẹnubodè. Kò bẹ̀rẹ̀. Òjìji rẹ̀ bọ́ sórí dígí kan, ó bọ́ sórí èkejì, dígí kọ̀ọ̀kan sì ń kùn bó ti ń kọjá, ó ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.